Ìgbà Mélòó Ló Yẹ Kí Ajá Àgbà Gba Abẹ́rẹ́ Àjẹsára? Àlàyé fún Àwọn Olùgbé Èjìgbò àti Agbègbè Rẹ̀

Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kò gùn. Ní ilẹ̀ tiwa, níbi tí àrùn dìgbòlugi ṣì wà láàárín àwọn ajá, ajá àgbà ní láti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi lẹ́ẹ̀kan lọ́dọọdún, ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwọn abẹ́rẹ́ mìíràn wà tí a lè fún un lọ́dọọdún tàbí lẹ́yìn ọdún 3, gẹ́gẹ́ bí irú òògùn náà bá ṣe rí. Abẹ́rẹ́ tí ajá gbà nígbà tó wà lọ́mọ kò lè dáàbò bò ó títí di ọjọ́ ikú rẹ̀.

A kọ àlàyé yìí fún gbogbo ẹni tó ń sin ajá ní ìlú Èjìgbò àti ní àwọn ìlú àti abúlé tó yí i ká, bí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, Ìlawó àti Màsífà: àwọn ọdẹ, àwọn àgbẹ̀ tó ń mú ajá lọ sóko, àwọn onílé tó fi ajá ṣọ́ ọgbà, àti àwọn tó ń bá ẹbí wọn tó wà ní Àbíjàn tọ́jú ajá sínú ilé. A kọ ọ́ fún àwọn tí kò ní ajá pẹ̀lú, nítorí pé ajá aládùúgbò lè bu ọmọ ẹni jẹ.

Kí ni àrùn dìgbòlugi?

Kòkòrò àìfojúrí ló ń fa dìgbòlugi. Inú itọ́ ajá tó ní àrùn náà ni kòkòrò yìí máa ń wà. Bí ajá náà bá bu ènìyàn tàbí ẹranko mìíràn jẹ, tàbí bí itọ́ rẹ̀ bá kan egbò, ojú tàbí inú ẹnu, kòkòrò náà yóò wọlé sí ara. Yóò wá máa gba inú àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ọpọlọ. Nínú ara ènìyàn, oṣù 2 sí 3 ni ìrìn-àjò yìí sábà máa ń gbà. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan péré, ó sì lè tó ọdún kan.

Láàárín àkókò yìí, kò sí ohun tí yóò fi hàn pé ewu wà nílẹ̀. Egbò náà lè ti jinná, kí onítọ̀hún sì ti gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí kòkòrò náà bá dé ọpọlọ, egbò náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yún tàbí kí ó máa ta ẹni náà, ibà yóò mú un, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀, yóò sì máa bẹ̀rù omi nítorí pé ọ̀fun rẹ̀ ń sún kì nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ mu ún. Lẹ́yìn tí àwọn àmì wọ̀nyí bá ti hàn, kò sí ìtọ́jú tó dájú mọ́. Ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sì wà ní ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà. Nínú ènìyàn 100 tó kó dìgbòlugi, nǹkan bí 99 ló jẹ́ pé ara ajá ni wọ́n ti kó o. Nínú ènìyàn 100 tí ẹranko tí a fura sí bá bù jẹ, nǹkan bí 40 ló jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15. Ọmọdé kúrú, ẹnu ajá sì lè tètè dé ojú àti orí rẹ̀, níbi tí kò jìnnà sí ọpọlọ. Ọmọdé sì lè fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún òbí nítorí ìbẹ̀rù pé wọn yóò nà án pé ó lọ ń bá ajá ṣeré.

Àwọn àmì tó yẹ kí ẹ ṣọ́ lára ajá nìwọ̀nyí: kí ìwà rẹ̀ yí padà lójijì, kí ajá tó máa ń bá ènìyàn ṣeré máa sá pamọ́, tàbí kí ajá tó máa ń sá máa súnmọ́ gbogbo ènìyàn, kí itọ́ máa dà lẹ́nu rẹ̀, kí ohùn gbígbó rẹ̀ yí padà, kí ó máa ge igi, òkúta tàbí irin jẹ, kí ó má lè gbé oúnjẹ mì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa wọ́ nílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ajá dìgbòlugi ló ń sáré ìgboro kiri. Òmíràn yóò kàn dákẹ́ sí kọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ yóò là sílẹ̀ bí ẹni pé egungun há a lọ́fun. Ẹ má ṣe ki ọwọ́ bọ irú ajá bẹ́ẹ̀ lẹ́nu láti wo ohun tó há a.

Iye ìgbà tí ajá gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan

Dìgbòlugi. Èyí ni àkọ́kọ́, kò sì sí ajá tí kò kàn. Ọmọ ajá yóò gba abẹ́rẹ́ èkíní nígbà tó bá pé oṣù 3. Yóò gba èkejì lẹ́yìn ọdún kan. Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dọọdún ni.

Distemper, parvo àti àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ran ajá. Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń pa ajá, pàápàá ọmọ ajá. Parvo ló ń mú kí ọmọ ajá máa bì, kí ó sì máa yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n sábà máa ń po òògùn àrùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sí. Ọmọ ajá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, a ó sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra wọn títí tí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò tún gba òmíràn láàárín oṣù 6 sí ọdún kan. Lẹ́yìn èyí, ìmọ̀ràn ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹran ọ̀sìn kéékèèké lágbàáyé, tí a mọ̀ sí WSAVA, ni pé ajá àgbà tó ti gba gbogbo ti ìbẹ̀rẹ̀ pé kò nílò rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún 3.

Leptospirosis. Ìtọ̀ eku ló sábà máa ń gbé àrùn yìí kiri, ó sì lè ran ènìyàn. Ajá tó ń mu omi ẹrẹ̀ tàbí tó ń pa eku wà nínú ewu rẹ̀. Àjẹsára rẹ̀ kì í pẹ́ lára. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a óò fi bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra wọn, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lọ́dọọdún. Nítorí pé wọ́n máa ń po òògùn àrùn yìí pọ̀ mọ́ ti distemper àti parvo, ó lè jẹ́ pé ọdọọdún ni dókítà ẹranko yóò pe ajá yín fún àpòpọ̀ náà. Ẹ lè bi í léèrè èyí tó kan ajá yín lọ́dún yìí.

Ikọ́ ajá. Ajá tó ń gbé láàárín ọ̀pọ̀ ajá, bí ibi tí wọ́n ti ń bí ajá fún títà, ni ó nílò èyí jù, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dọọdún.

Bí owó kò bá tó fún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi ti dìgbòlugi ṣáájú. Òun ni ó ń dáàbò bo ajá àti ẹ̀mí ènìyàn inú ilé pọ̀.

Ìdí tí a fi ń tún un gún lọ́dọọdún

Abẹ́rẹ́ àjẹsára máa ń kọ́ ara ajá bí yóò ṣe dá kòkòrò àrùn mọ̀ àti bí yóò ṣe bá a jà. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, agbára yìí a máa dín kù. Abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ lé e ni yóò tún un jí. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ èkejì, èyí tó ń wáyé lẹ́yìn ọdún kan, fi ṣe pàtàkì: òun ló ń fìdí iṣẹ́ ti èkíní múlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ajá ni olówó wọn mú wá fún ti èkíní tí wọn kò sì padà wá mọ́.

Ẹ lè gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn yín tó wà ní Amẹ́ríkà tàbí Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 3 síra ni àwọn fi ń gún ajá tiwọn. Òótọ́ ni. Òògùn àjẹsára dìgbòlugi kan wà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti dán wò, tí wọ́n sì kọ ọdún 3 sí ara rẹ̀. Òmíràn wà tí wọ́n kọ ọdún kan sí. Òǹkà tó wà lára ìgò òògùn náà ni dókítà yóò tẹ̀ lé. Síbẹ̀, ajá tó gba irú èyí tó wà fún ọdún 3 pàápàá gbọ́dọ̀ gba èkejì lẹ́yìn ọdún kan kí ó tó bọ́ sí ọdún 3 síra.

Ní Nàìjíríà, ọdọọdún ni àwọn dókítà ẹranko ń tẹ̀ lé. Àkọ́kọ́, àrùn náà kò tíì kúrò nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ ajá ló sì ń rìn kiri tí kò gba abẹ́rẹ́ rárá. Ajá yín lè pàdé wọn nígbàkúùgbà. Èkejì, òògùn àjẹsára gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù tó wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é títí di ìgbà tí wọ́n bá gún un. Iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀ lè mú kí òògùn pàdánù agbára rẹ̀ láìjẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ yí padà. Ajá tó bá gba irú òògùn bẹ́ẹ̀ kò ní ààbò, olówó rẹ̀ kò sì ní mọ̀. Àtúngún ọdọọdún ń dín ewu yìí kù.

Orílẹ̀-èdè wa ń ṣe òògùn àjẹsára dìgbòlugi ajá fúnra rẹ̀, ní ilé ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom ní Ìpínlẹ̀ Plateau, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924. Àwọn èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun náà wà. Èyíkéyìí tí ẹ bá rí, bí ó bá wà nínú òtútù tó yẹ, tí ọjọ́ rẹ̀ kò sì tíì kọjá, ó wúlò.

Bí ọjọ́ abẹ́rẹ́ bá ti kọjá, tàbí bí a kò bá mọ ìtàn ajá

Bí ọjọ́ tó wà lórí káàdì bá ti kọjá, ẹ má ṣe sọ pé ó ti bọ́. Ẹ mú ajá náà lọ gba abẹ́rẹ́ ní kíá. Fún dìgbòlugi, abẹ́rẹ́ kan ni a óò fi bẹ̀rẹ̀ padà, ọjọ́ tuntun yóò sì wà lórí káàdì. Fún leptospirosis, bí ó bá ti pẹ́ jù, dókítà lè ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ méjì.

Ajá tí ẹ rà lọ́jà, tí wọ́n fi ta yín lọ́rẹ, tàbí tó ṣìnà wọ ilé yín, ẹ ka á sí ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ rí, àyàfi tí káàdì bá wà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń ta ajá kò tó. Kò sí ewu nínú kí a tún gún ajá tó ti gbà á tẹ́lẹ̀, ewu wà nínú kí a fi èyí tí kò gbà á sílẹ̀. Ẹ rántí pé abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fún un ní ọjọ́ 28 kí ẹ tó gbà pé ààbò wà lára ajá náà, kí ẹ sì so ó mọ́lẹ̀ láàárín àkókò yẹn.

Ajá ọdẹ, ajá ìṣọ́, àti ajá tí olówó rẹ̀ wà lẹ́yìn odi

Ajá ọdẹ ni ó wà nínú ewu jù. Inú igbó ló ń ṣiṣẹ́, ó sì lè bá ẹranko ìgbẹ́ jà níbi tí olówó rẹ̀ kò ti rí i. Ẹranko tó yẹ kí ó sá fún ènìyàn tí kò sì sá, kí ọdẹ fura sí i. Bí ẹranko bẹ́ẹ̀ bá bu ajá jẹ, kí wọ́n mú ajá náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́ àtúngún, bí ọjọ́ ti ọdún yìí kò bá tilẹ̀ tíì pé. Ìgbà tó dára jù fún ajá ọdẹ láti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé, kí ìgbà ọdẹ gan-an tó bẹ̀rẹ̀.

Ajá ìṣọ́ tó wà nínú ọgbà pẹ̀lú kò bọ́. Ajá ìta lè gba abẹ́ ilẹ̀kùn ọgbà wọlé, ológbò lè fo ògiri, abo ajá tó ń gba akọ sì lè já okùn rẹ̀. Ajá ìbílẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń pè ní ekuke náà ń kó dìgbòlugi gẹ́gẹ́ bí ajá òyìnbó ṣe ń kó o. Èrò pé ajá ìbílẹ̀ lágbára ju kí àrùn mú un lọ kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan Èjìgbò ní pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ẹbí níbí ni ó ní ènìyàn ní Àbíjàn, tí wọ́n kọ́ ilé sílé, tí wọ́n sì fi ajá síbẹ̀ fún ìṣọ́. Olówó ajá ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́, ẹni tó wà nílé ń fún ajá lóúnjẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ka ọjọ́ abẹ́rẹ́. Kí ẹbí yan ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ náà yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó ya àwòrán káàdì àjẹsára ajá náà, kí ó fi ránṣẹ́ sí olówó ajá lórí WhatsApp, kí àwọn méjèèjì sì kọ ọjọ́ tó ń bọ̀ sórí fóònù wọn. Báyìí, bí ẹnì kan bá gbàgbé, èkejì yóò rán an létí.

Ní ti ajá tí wọ́n ń rà fún pípa, yálà fún jíjẹ tàbí fún ìbọ Ògún, a kì í sábà mọ ibi tó ti wá. Ẹni tó ń dì í mú, tó ń gbé e lórí ọ̀kadà tàbí tó ń pa á lè kó àrùn láti ara itọ́ tàbí ọpọlọ rẹ̀. Kí ẹ má ṣe ra ajá tó ń dá itọ́ tàbí tí kò lè dìde, kí ẹni tó ń pa á wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹni tó ní egbò lọ́wọ́ má sì ṣe fọwọ́ kàn án.

Ibi tí ẹ ti lè gba abẹ́rẹ́ náà àti ohun tó yẹ kí ẹ wò

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀ka ètò ọ̀gbìn ní ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò, kí ẹ béèrè dókítà ẹranko tó wà ní agbègbè náà àti ọjọ́ tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́. Dókítà aládàáni náà lè ṣe é, bí ó bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko ní Nàìjíríà. Bí ajá yín bá pọ̀ ládùúgbò, ẹ para pọ̀, kí ẹ sì pè é wá. Ìgò òògùn kan lè wà fún ọ̀pọ̀ ajá, tí ẹ bá sì jọ pè é, owó ọkọ̀ rẹ̀ yóò pín sórí yín.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ wo nǹkan mẹ́rin. Ẹ wò ó bóyá inú firíjì tàbí kúlà tó ní yìnyín ni ó ti mú òògùn jáde. Ẹ wo ọjọ́ tí òògùn yóò parí lára ìgò. Ẹ wò ó pé abẹ́rẹ́ tuntun ni ó lò fún ajá yín. Ẹ sì rí i pé ó kọ ọjọ́ òní, orúkọ òògùn, nọ́ńbà ara ìgò àti ọjọ́ tó ń bọ̀ sórí káàdì, kí ó sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń gbé òògùn kiri nínú àpò lábẹ́ oòrùn, ẹ má ṣe fi ajá yín fún un.

Kí ẹ so ajá lókùn, kí ẹ sì fi ìdè sí i lẹ́nu bí ó bá burú. Kí àgbàlagbà mú un lọ, kì í ṣe ọmọdé. Bí ajá bá ń ṣàìsàn, ẹ sọ fún dókítà kí ó tó gún un. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ojú ibẹ̀ lè wú díẹ̀, ajá sì lè dákẹ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí ojú tàbí imú rẹ̀ bá wú, tàbí bí kò bá lè mí dáadáa, ẹ dá a padà ní kíá. Èyí kì í sábà ṣẹlẹ̀.

Ìdí tí ajá kan ṣoṣo kò fi tó

Àwọn onímọ̀ ti rí i pé bí ajá 70 nínú 100 ní agbègbè kan bá ní ààbò, dìgbòlugi kò ní rí ọ̀nà gbà tàn kálẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n òǹkà yìí kì í dúró lójú kan. Láàárín ọdún kan, àwọn ajá kan yóò kú, wọn yóò ta àwọn kan, wọn yóò sì bí ọ̀pọ̀ ọmọ ajá tí kò ní ààbò. Nítorí náà, àdúgbò tó gún gbogbo ajá rẹ̀ lọ́dún tó kọjá tí kò sì ṣe é lọ́dún yìí, ewu ti ń padà bọ̀ wá bá a.

Orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò fi èyí hàn. Láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri ìlú wọn. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé Mẹ́síkò ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó fòpin sí ikú ènìyàn láti ọwọ́ dìgbòlugi tó ń wá láti ara ajá. Wọn kò pa gbogbo ajá ìlú wọn kí wọ́n tó lè ṣe é. Pípa ajá kiri kì í dá àrùn yìí dúró, nítorí ajá mìíràn tí kò gba abẹ́rẹ́ ni yóò wá gba ipò àwọn tó kú.

Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, láìdáwọ́ dúró. Ọṣẹ èyíkéyìí tó bá wà nílé dára. Fífọ yìí nìkan máa ń lé ọ̀pọ̀ kòkòrò kúrò lójú egbò.

Ẹ má ṣe fi ata, epo pupa, iyọ̀, etu ìbọn tàbí àgúnmu sí i. Jíjẹ ẹ̀dọ̀ ajá tó buni jẹ kò lè dáàbò boni. Ó tilẹ̀ lè fi ẹni tó ń pa ajá náà sínú ewu.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bí egbò náà bá kéré. Ẹ sọ fún wọn pé ajá ló bù yín jẹ. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti ènìyàn wà, ó sì ju ẹyọ kan lọ: ti ọjọ́ àkọ́kọ́, ti ọjọ́ 3, ti ọjọ́ 7, àti àwọn tí dókítà yóò yàn lẹ́yìn wọn. Egbò tó jìn lè nílò òògùn mìíràn tí wọ́n máa ń gún yí ojú egbò ká. Ẹni tó bá dáwọ́ dúró lágbedeméjì nítorí pé egbò ti jinná ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré. Láti 1885 ni a ti mọ̀ pé ìtọ́jú lẹ́yìn ìbunijẹ lè gba ẹ̀mí là, nígbà tí Louis Pasteur fún Joseph Meister, ọmọ ọdún 9 tí ajá dìgbòlugi bù jẹ, ní abẹ́rẹ́ ní ìlú Paris, tí ọmọ náà sì yè. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí kòkòrò tó dé ọpọlọ.

Ní ti ajá náà, ẹ má ṣe lù ú pa. Bí ó bá ṣeé mú láìséwu, ẹ so ó mọ́lẹ̀, kí ẹ máa fún un lóúnjẹ àti omi, kí dókítà ẹranko sì máa wò ó fún ọjọ́ 10. Bí ó bá wà láàyè tí ara rẹ̀ sì le lẹ́yìn ọjọ́ 10, kò sí kòkòrò dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó buni jẹ. Bí ó bá kú tàbí tó sọnù, ẹ jẹ́ kí ilé ìwòsàn mọ̀ lọ́gán. Ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ 10 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Bí ajá tó kú bá wà nílẹ̀, ẹ má ṣe sin ín kí ẹ tó pe dókítà ẹranko, nítorí orí rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò.

Olówó ajá náà ní ojúṣe láti mú káàdì àjẹsára jáde fún ẹbí ẹni tí ajá rẹ̀ bù jẹ. Káàdì tó pé kò ní kí a má lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n yóò ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ bí ewu náà ṣe tó, yóò sì dín ìjà àdúgbò kù.

Àwọn ìbéèrè mìíràn

Ajá mi ti gbó, ṣé ó ṣì nílò rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ orí kì í dá dìgbòlugi dúró.

Abo ajá mi lóyún ńkọ́? Ẹ sọ fún dókítà ṣáájú. Àwọn òògùn kan wà tí a lè fún un, àwọn kan sì wà tí a óò sún síwájú títí yóò fi bímọ.

Ṣé abẹ́rẹ́ yóò mú kí ajá ọdẹ dẹra tàbí kí ó má lè gbóòórùn ẹran mọ́? Rárá. Ẹ fún un ní ìsinmi ọjọ́ méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ẹ máa mú un lọ sóko bí ẹ ti ń ṣe.

Ṣé ológbò náà nílò rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ológbò lè kó dìgbòlugi, ó sì lè kó o ran ènìyàn. Ọdọọdún ni tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣé mo lè ra òògùn kí n gún ajá mi fúnra mi? Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kò lè mọ bóyá òògùn náà ti kúrò nínú òtútù, kò sì ní sí káàdì tí dókítà fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí wọ́n bá béèrè rẹ̀.

Ọjọ́ wo ni kí n yàn kí n má baà gbàgbé? Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni Àyájọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé, èyí tí wọ́n ti ń ṣe láti 2007. Ó bọ́ sí ọjọ́ tí Pasteur kú ní 1895. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń gún ajá ní àkókò náà. Ẹ lè fi ṣe ọjọ́ ìrántí fún ajá yín. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí káàdì bá ṣáájú rẹ̀, ti orí káàdì ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Kí olúkúlùkù tó ní ajá wá káàdì rẹ̀ jáde lónìí. Bí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ bá ti lé ní ọdún kan, tàbí bí kò bá sí káàdì rárá, kí ó mú ajá náà lọ gba abẹ́rẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí.